Klọ́ọ̀ṣì tuntun, gíà kò wọlé: ẹ má tíì ra gíàbọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Carina E mánúà ni mo ń wà n'Ìbàdàn níbí, ẹ́ńjìnnì 1.6. Klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jó, mo sì ní kí wọ́n pààrọ̀ dísìkì, pressure plate àti bẹ́árìn, tuntun ni gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá gíàbọ́ọ̀sì padà, tí mo bá ti ṣáná sí ọkọ̀, gíà kankan kò wọlé mọ́. Rìfáàsì a máa han gooro bí ìgbà tí wọ́n ń lọ irin. Àmọ́ tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo gíà ló ń wọlé wọ́ọ́rọ́. Mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ ní kí n máa wà á bẹ́ẹ̀, pé klọ́ọ̀ṣì tuntun máa sẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ní báyìí, ó ní gíàbọ́ọ̀sì ló bàjẹ́, kí n mówó wá ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Àràrọ̀mí, ní Gate. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò.

Gbólóhùn kan nínú ohun tí ẹ kọ ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà: pé gbogbo gíà ń wọlé tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Bí inú gíàbọ́ọ̀sì bá ti bàjẹ́ débi tí kò gba gíà, kò ní gbà á náà ni, yálà ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí ó dákẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló yí padà nígbà tí ẹ ṣáná: ẹ́ńjìnnì ń yí, ó sì ń gbé ṣáàfù tó wọ inú gíàbọ́ọ̀sì yí mọ́ra, bí ẹ tilẹ̀ ti tẹ klọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀. Eyín gíà tó ń sáré kò lè bá èyí tó dúró gédégbé ṣọ̀rẹ́. Rìfáàsì ló sì máa ń kọ́kọ́ pariwo, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ gíàbọ́ọ̀sì ayé ìgbà Carina, kò ní sínkúrò tí yóò bá a dín eré kù. Klọ́ọ̀ṣì yín kò jọ̀wọ́ dísìkì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há abala bébà kan wò. Ọwọ́ kan ni flywheel, àgbá irin tí wọ́n dè mọ́ kíráǹkì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ọwọ́ kejì ni pressure plate, bébà àárín ni dísìkì. Tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn kí bébà lè bọ́. Ibi tó máa ń sún dé kò tó nǹkan rárá, bíi mìlímítà kan sí méjì péré. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jí díẹ̀ nínú ìrìn pẹ́dà, láti ẹsẹ̀ yín títí dé ibi tí bẹ́árìn ti ń ti àwọn ìka pressure plate, ti tó láti jẹ́ kí dísìkì ṣì máa fara ha flywheel. Dísìkì tuntun tún nípọn ju èyí tó ti jó lọ, ohun tí ọkọ̀ yín ń fara mọ́ tẹ́lẹ̀ lè má ṣeé fara mọ́ mọ́.

Ní ti pé yóò sẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé dísìkì tuntun máa ń fẹ́ ká rọra lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè bá ojú flywheel mu, kó sì dì í mú dáadáa. Ọ̀rọ̀ dídì mú nìyẹn o, kì í ṣe ti jíjọ̀wọ́. Klọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sí i bó ṣe tọ́ gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì ń fipá ti gíà wọlé bẹ́ẹ̀, àwọn òrùka sínkúrò tó wà nínú gíàbọ́ọ̀sì ni ẹ ń fá. Idẹ ni wọ́n, wọn kò lágídí. Ẹ ó fi ọwọ́ ara yín ba gíàbọ́ọ̀sì tí kò ṣẹ̀ jẹ́, àsọtẹ́lẹ̀ mẹkáníìkì yín yóò wá ṣẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà, ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ pẹ́dà náà. Mo ti rí i tí kápẹ́ẹ̀tì tó ká jọ sábẹ́ pẹ́dà ṣe báyìí fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì ti náwó kí wọ́n tó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi gíà sí fíríì, ẹ fa bíréékì ọwọ́, kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ láìsí ènìyàn, kí ẹ wá ṣáná. Ẹ tẹ klọ́ọ̀ṣì lemọ́lemọ́ bí ìgbà mẹ́rin márùn-ún bí ẹni ń pọ́ǹpù táyà, kí ẹ di èyí tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ wá dán rìfáàsì wò. Bó bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, tàbí tí ariwo rẹ̀ dínkù gan-an, ẹ ti mú olè náà: afẹ́fẹ́ wà nínú ọ̀nà ọ́ìlì klọ́ọ̀ṣì, tàbí kí rọ́bà inú ọ́pà tàbí ti lówà máa jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà. Gíàbọ́ọ̀sì kò ní í sọ̀kalẹ̀ fún ìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, ọ́pà ni sìlíńdà kékeré tó wà lókè nídìí pẹ́dà, tó ń ti ọ́ìlì. Lówà ni ìkejì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lára gíàbọ́ọ̀sì, tó ń gba ọ́ìlì náà, tí ọ̀pá ẹnu rẹ̀ sì ń ti fọ́ọ̀kì klọ́ọ̀ṣì, apá irin tó ń ti bẹ́árìn. Ọ́ìlì ni Carina fi ń ti klọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ń ka èyí tó jẹ́ pé Micra àtijọ́ ló ń wà, irú èyí tó ń ṣe takisí káàkiri Ìbàdàn, kébù ni tirẹ̀ ń lò. Kó lọ wo nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún kébù náà ṣe, bóyá wọ́n gbàgbé láti fà á padà lẹ́yìn iṣẹ́, kó sì wò ó bóyá okùn inú kébù ti ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù kò gba pé kí ẹ ṣáná rárá. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi òkúta há àwọn táyà ẹ̀yìn, ẹ fa bíréékì ọwọ́. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan ṣoṣo sókè, kí ẹ ti nǹkan tó lágbára sábẹ́ ọkọ̀, torí jáàkì nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fi ọkọ̀ sí gíà kẹta. Láìtíì tẹ klọ́ọ̀ṣì, ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí táyà yẹn: yóò le koko, nítorí ẹ́ńjìnnì ni ẹ fẹ́ máa fi ọwọ́ yí. Kí ẹlòmíràn wá tẹ klọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, kí ẹ tún un yí. Bí klọ́ọ̀ṣì bá jọ̀wọ́, táyà yóò yí wẹ́rẹ́. Bó bá ṣì le bíi ti àkọ́kọ́, kò jọ̀wọ́ rárá. Bó bá yí àmọ́ tó ń fà mọ́ yín lọ́wọ́, ó jọ̀wọ́ ààbọ̀. Mo ní kan ṣoṣo o! Bí ẹ bá gbé táyà iwájú méjèèjì sókè, èyí tí ẹ di mú yóò máa yí síwájú, ìkejì rẹ̀ yóò máa yí sẹ́yìn, ẹ ó sì rò pé klọ́ọ̀ṣì ti dára.

Ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dà, kí ẹ̀yin máa wo ọ̀pá ẹnu lówà níbi tó ti ń ti fọ́ọ̀kì. Ẹ gbé rúlà tì í. Láti ibi tó wà kí wọ́n tó tẹ pẹ́dà títí dé ibi tó dé nígbà tí pẹ́dà kanlẹ̀, ó yẹ kó ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Kó sì dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì wà lórí pẹ́dà. Bó bá rìn ìdajì, tàbí tó dé ibẹ̀ tó wá ń rọra padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ọ̀ràn wà láàrin pẹ́dà sí lówà, a ò sì tíì débi dísìkì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí lówà yìí, nítorí òun ni mo fura sí jù lọ lọ́rọ̀ tiyín. Kí gíàbọ́ọ̀sì tó lè sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní láti tú lówà kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú họ́ọ̀sì rẹ̀. Bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn, kò sí fọ́ọ̀kì tó ń dá a dúró mọ́. Bí ọmọṣẹ́ kan bá wọnú ọkọ̀ láti mú nǹkan, tó sì gbẹ́sẹ̀ lé klọ́ọ̀ṣì, písìtìnì inú lówà yóò ta jáde pẹ̀lú ọ́ìlì. Ọmọ náà yóò fi àtàǹpàkò tì í padà, yóò nu ilẹ̀, yóò sì panu mọ́. Afẹ́fẹ́ ti wọlé, iyanrìn ti lè wọlé, etí rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì sì ti lè ṣẹ́ po. Ẹ ṣí rọ́bà tó bo ẹnu lówà sẹ́yìn. Bí inú ibẹ̀ bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ ra lówà tuntun. Kò wọ́n tó ìdá kékeré nínú owó gíàbọ́ọ̀sì tòkunbọ̀.

Bí kò bá tutù, ẹ fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní bílíìdì. Ọ́ìlì bíréékì DOT 3 tàbí DOT 4 láti inú ike tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sitẹ́árìn kò gbọdọ̀ débẹ̀, yóò mú kí rọ́bà wú, ẹ ó sì pààrọ̀ ọ́pà àti lówà pọ̀. Ẹ kún ike ọ́ìlì òkè. Ẹ ki rọ́bà tíńrín kan bọ orí nípù lówà, ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí ìdí rọ́bà náà wà nínú ìgò tó ní ọ́ìlì bíréékì díẹ̀. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, á dì í mú, á ní “Ó dilẹ̀!” Ìkejì á tú nípù náà díẹ̀, afẹ́fẹ́ á hó jáde nínú ìgò, á tún un dì, lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni ẹni òkè tó lè gbẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kí nípù tó dì, afẹ́fẹ́ tí wọ́n lé jáde á tún padà wọlé. Ẹ máa wo ike òkè léraléra, bó bá gbẹ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ mìíràn wà tí kò ní jáde báyìí, ó fara pamọ́ sókè nínú lówà. Fún irú èyí, ẹ tú lówà kúrò lára gíàbọ́ọ̀sì láìyọ họ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ yí i kí ẹnu họ́ọ̀sì wà lókè, kí ẹ fi ọwọ́ rọra ti ọ̀pá ẹnu rẹ̀ wọlé pátápátá. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú ike òkè. Kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ pẹ́dà lásìkò yẹn o.

Ọ́pà ní tiẹ̀ máa ń jò sínú ọkọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ara ògiri lókè pẹ́dà klọ́ọ̀ṣì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ó ti tán. Àmọ́ ó lè máa jò nínú ara rẹ̀ láìsí kán-ín-kán kankan níta. Èyí ni pẹ́dà tó ń rọra rì bí ẹ bá dì í mọ́lẹ̀ ní ìdúró ọkọ̀. Ẹ tún wo pín-ìn-nì tó so pẹ́dà mọ́ ọ̀pá ọ́pà. Ojú ihò rẹ̀ máa ń jẹ di gbọọrọ nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, Carina E tó kéré jù lọ́jọ́ orí náà sì ti kúrò lọ́mọdé. Pẹ́dà yóò ti lọ jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́ìlì. Ìwọ̀n tí Toyota máa ń fún irú klọ́ọ̀ṣì yìí ni pé kí pẹ́dà fì lófìfo láàrin mìlímítà 5 sí 15 kó tó kan ìnira. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lára ọ̀pá yẹn, ẹ yí ọ̀pá náà, kí ẹ tún un wọ̀n.

Bí gbogbo èyí bá pé, tí ọ̀pá lówà ń rìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ tó sì dúró, táyà sì ṣì le, kò sí ọgbọ́n mọ́: gíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó bàjẹ́ o. Ohun tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ la fẹ́ wò.

Dísìkì tí wọ́n fi sódì ni igi wọ́rọ́kọ́ tó sáàbà ń da iná rú níbẹ̀. Ojú méjèèjì dísìkì kò rí bákan náà. Lójú kan, àárín rẹ̀ níbi tí àwọn sípíríǹgì wà yọ síta. Ojú yẹn ló ń kọ sí gíàbọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ẹ́ńjìnnì, àárín náà yóò máa ha orí àwọn nọ́ọ̀tì tó de flywheel, klọ́ọ̀ṣì kò sì ní jọ̀wọ́ láéláé, ìbáà jẹ́ pé ẹ bílíìdì rẹ̀ tí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ara dísìkì. Lára ti Japan, ẹ lè rí “flywheel side”, ojú tó kọ ọ́ ni yóò kọ sí flywheel. Lára àwọn tó wá láti Jámánì, “Getriebeseite” ni ẹ ó rí, èyí tó túmọ̀ sí ìhà gíàbọ́ọ̀sì, ìdàkejì gan-an. Mẹkáníìkì tó bá rò pé flywheel ni gbogbo ìkọ̀wé dísìkì ń tọ́ka sí yóò fi ti Golf sódì. Bó bá ti ha, ẹ ó rí òrùka tó ń dán níbi tó ti ń họ àárín dísìkì àti orí nọ́ọ̀tì.

Ìkejì ni gíàbọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ́ kó fì. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, tí ṣáàfù rẹ̀ ti wọ àárín dísìkì, bí wọn kò bá fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀, gbogbo ìwúwo gíàbọ́ọ̀sì yóò rọ̀ mọ́ dísìkì náà, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ojú lásán lè má rí i. Toyota kò gbà kí dísìkì fì ju mìlímítà 0.8 lọ tí wọ́n bá ń yí i. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa fara kan ọ̀tún tàbí òsì nígbà gbogbo. Ọkùnrin méjì tó ń fi àyà ti gíàbọ́ọ̀sì wọlé lábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń pariwo “gbọ̀n ọ́n!”, ọ̀pọ̀ dísìkì tuntun ló kú sábẹ́ irú orin yẹn.

Ẹ wo bóyá fọ́ọ̀kì jókòó lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, bóyá bẹ́árìn kọ́ mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ gbé dísìkì àtijọ́ àti tuntun lé ara wọn: Toyota ní èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 200, ó ní 212, ọjà kì í sì í béèrè èwo ni tiyín kó tó tà á fún yín. Orúkọ tó wà lára páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá gbé flywheel lọ fún tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, láti fá ojú rẹ̀, ẹ béèrè bó ṣe fá a tó, torí bó bá ti tín-ín-rín jù, pressure plate ti sún kúrò níwájú bẹ́árìn, ìrìn fọ́ọ̀kì kò sì ní tó o mọ́. Gírísì díẹ̀ bí ẹni fi tọ́ ọ wò ló yẹ kó wà lára eyín ṣáàfù. Dísìkì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀ láìfi agbára. Nọ́ọ̀tì pressure plate, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n dì wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn, kí ó má bàa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹlòmíràn lè wà tí gíà tirẹ̀ kò wọlé kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ klọ́ọ̀ṣì. Kébù gíà méjì ni wọ́n tú nígbà iṣẹ́, kó wò ó bóyá wọ́n kó wọn padà sí ipò wọn, bóyá kílíìpù wọn wà, bóyá síìtì gíàbọ́ọ̀sì, ìyẹn ìjókòó tó gbé e dúró, dì dáadáa. Kó tún ṣí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì gíà, kó ki ìka bọ̀ ọ́: ọ́ìlì yẹ kó dé ẹnu ihò náà. Ó máa ń dà nù bí wọ́n bá fa ṣáàfù táyà yọ, àwọn kan sì ń gbàgbé láti dá a padà. 75W-90 ló ń lò.

Ẹ lọ bá mẹkáníìkì yín láìbínú. Ẹ bi í pé ta ló tẹ pẹ́dà nígbà tí lówà wà nílẹ̀, kí ẹ sì gba dísìkì àti pressure plate àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; tiyín ni wọ́n, ẹ ó sì nílò wọn fún ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ dísìkì tó sódì tàbí èyí tó tẹ̀ ni a bá níbẹ̀, owó iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ kejì kì í ṣe tiyín. Bó bá kọ̀ láti tú u, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò kọ́kọ́ fi táyà kan sórí jáàkì kó tó dárúkọ owó fún yín. Kí ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: bó ṣe ṣe lẹ́yìn tí ẹ pọ́ǹpù pẹ́dà, bí táyà ṣe yí, àti iye mìlímítà tí ọ̀pá lówà rìn.